Kẹ́tùlù Ọ̀jọ̀gbọ́n A-ní-i-nílé

Bí ẹ bá sọ fún ọkùnrin yìí pé òjò rọ̀ ní àdúgbò yín lánàá, á ní òjò tàwọn ló kọ́kọ́ rọ̀, òun ló sì tutù jù. Bí ẹ bá ní ẹ̀yìn ń dùn yín, á ní ẹ̀yìn tòun dun òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà mẹ́ta ló wá wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, olórí ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì tó tóbi jù nílẹ̀ náà. Kò sí ohun tí ẹnì kan lè dárúkọ lójú rẹ̀ tí kò ní dáhùn pé, "A ní i nílé." Awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀? "A ní i nílé." Ẹ̀rọ tó ń sọ afẹ́fẹ́ di omi? "A ní i nílé, méjì ni." Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sọ ọ́ ní A-ní-i-nílé nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó wà nílé náà, ìyẹn ní ẹ̀ka rẹ̀, fún yín. Àga mẹ́rìnlá, mẹ́ta nínú wọn kò ní ẹsẹ̀ kẹrin. Òṣùwọ̀n mẹ́ta tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan rí. Pátákó ìkọ̀wé kan. Lẹ́yìn náà ni àpótí pákó ńlá kan tó dúró ní kọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí, tó ga dé àyà, tó sì gùn tó ibùsùn. Lọ́rì kan ló já a sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí akọ̀wé ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì jẹ́ wúńdíá. Akọ̀wé náà ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí àpótí. Ẹ̀rọ ìtànṣán ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wo inú irin àti òkúta, tó sì ń sọ bí ara wọn ṣe tò jọ nínú lọ́hùn-ún. Awakọ̀ lọ́rì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bèèrè ohun mìíràn. Ó ní, "A ti ń retí rẹ̀," ó sì fọwọ́ síwèé.

Kí ló dé tí kò ṣí i? Ẹni tó bá ṣí àpótí, wọn á ní kó lo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣí i, ẹnu ni yóò máa fi lò ó, ẹnu kì í sì í jóná. Akọ̀wé tẹ́ aṣọ bo orí àpótí, ó gbé kẹ́tùlù iná lé aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se omi tíì láràárọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n yìí tó pẹpẹ, ó wọ akèrègbè, ibi iṣẹ́ nìkan ni kò dé.

Nígbà tó yá, àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà jókòó, wọ́n sì sọ òótọ́ fún ara wọn, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. Ìwádìí físíìsì ń kú lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan ní ẹ̀rọ, kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀kan ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, kò ní iná. Òmíràn ní iná, aṣọ olórí ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fi í lọ̀. Méje ni wọ́n. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí kálukú kọ ohun tó ní sílẹ̀, kí ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn yòókù, kí wọ́n sì dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ti gbogbo wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àpapọ̀ yanjú ni olórí ibùdó yóò ti wá.

A-ní-i-nílé gbọ́ "olórí", kò gbọ́ ìyókù. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ àwọn mẹ́fà yòókù ni wọn yóò gbájọ fi sọ àyà tòun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ra táì tó bá àga olórí mu.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Alága jẹ́ àgbàlagbà kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun kọ nǹkan. Ó di lẹ́ẹ̀dì mú, ó ṣí ìwé pẹlẹbẹ kan, ó kọjú sí arábìnrin olùkọ́ tó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lẹ́yìn odò.

"Kí lẹ ní, mà?"

"Ẹ̀rọ ìtànṣán kan tí a tò fúnra wa, sà. Ara fìríìjì àti ara alùpùpù la fi ṣe é. Ó máa ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

A-ní-i-nílé rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. "Alùpùpù. Ṣé ẹ máa ń gùn ún relé lẹ́yìn iṣẹ́ ni? Àbúrò mi, èyí tí ìjọba rà fún yín lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn dà?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Kò dé ọ̀dọ̀ wa, sà. Ìwé ìlò rẹ̀ nìkan ló dé. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà sọnù lọ́nà. Lẹ́tà mọ́kàndínlógójì la ti kọ."

"Ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹ̀rọ tó wúwo tó màlúù mẹ́ta, wọ́n ní ó sọnù bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò lè tọ́jú àpótí, ṣé ibùdó ló fẹ́ tọ́jú?"

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Alága wo ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ìtànṣán? A ní i nílé. Ojúlówó. Tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́."

Alága kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: "Ẹ̀rọ ìtànṣán kan. Ó ń ṣiṣẹ́." Ó pa ìwé dé. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa á gbé òkúta tiwa wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ó sì bá wa wo inú wọn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ sọ pé "a ní i nílé" nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbá àpò rẹ̀ mú, ó jáde.

Nígbà tó délé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní kíṣíìnì, ó ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ń bọ̀ wá lo ẹ̀rọ mi."

"Ẹ̀rọ wo, bàbá wọn? Èyí tí ẹ gbé kẹ́tùlù lé?"

"Kí lo mọ̀ nípa físíìsì?"

"N kò mọ nǹkan kan. Fìríìjì tí ẹ ní ẹ máa tún ṣe fún mi nìyí. Ọdún kẹrin rèé, aṣọ ni mò ń kó sí i."

"Físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ oní-fìríìjì."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó wí. "Oní-fìríìjì máa ń ṣe tirẹ̀ tán."

Ní ọjọ́ Ajé, ó tẹ alága láago. Ó ní ó ká òun lára, iná yunifásítì àwọn kò lágbára tó lọ́sẹ̀ yìí. Alága ní kò burú, ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, wọn á gbé e wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún pè, ó ní omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù kò sí. Alága ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọkọ̀ omi. Ní Ọjọ́rú, ó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí sọnù. Alága ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní káfíńtà tó lè ṣí ilẹ̀kùn láìba pákó rẹ̀ jẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní ẹni kan ṣoṣo tó mọ ẹ̀rọ náà lò ti lọ ìsinmi.

"Ẹ má dààmú," ni alága wí. "Arábìnrin ẹ̀yìn odò ti ka ìwé ìlò irú ẹ̀rọ yẹn fún ọdún mọ́kànlá. Ó lè kà á lórí. Ṣé ẹ rí i bí àgbájọ ṣe dùn tó?"

Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò wọ bọ́ọ̀sì, tí yóò sì gbé jẹnẹrétọ̀ dání.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé, ọkọ̀ omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, káfíńtà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, àwọn ọ̀mọ̀wé sì kún yàrá ìwádìí, kálukú pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sọ olè lókò. A-ní-i-nílé dúró níwájú àpótí. Ó wọ táì tuntun náà.

"Ẹ̀rọ dà?" ni alága bèèrè.

"Ó wà nínú ibí yìí. A dá a padà sínú àpótí nítorí eruku."

Alága fi ìka kan orí ìṣó. "Ìṣó yìí ti dípẹtà."

"Irú ìṣó tó ń tètè dípẹtà ni."

Akọ̀wé rẹ̀ sún mọ́ ọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Sà, ṣé kí n gbé kẹ́tùlù kúrò?"

"Má fọwọ́ kàn án. Ara ètò ni."

"Kẹ́tùlù?" ni alága wí.

"Ó ń mú kí ooru yàrá dọ́gba."

Àwọn ọ̀mọ̀wé wo ara wọn. Ẹni tó gbé òkúta tó tóbi jù gbé tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó rí i pé wọn á pẹ́ níbẹ̀. Alága ní kí káfíńtà mú ìyọṣó jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n na apá méjèèjì bí adìyẹ tó ń ṣààbò ọmọ, ó ní afẹ́fẹ́ ẹnu àlejò kò bá ẹ̀rọ náà lára mu. Káfíńtà ti ń wá ìyọṣó nínú àpò rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, obìnrin ẹ̀yìn odò dúró ti àpótí. Ó ń wo gígùn àpótí, ó ń wo ìbú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan lórí. Ó wá ká etí aṣọ sókè. Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó. Ó ti pọ́n, omi kẹ́tùlù sì ti ya òbìrìkìtì sí i lára, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ hàn gedegbe. Obìnrin náà fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ló kà síta. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lábẹ́ orúkọ náà ni ìfọwọ́síwèé ẹni tó gbà á wà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló ni ín. Ìfọwọ́síwèé A-ní-i-nílé máa ń gba ààbọ̀ ojú ìwé.

"Ẹ ò kà á ni, ọ̀jọ̀gbọ́n?" Alága ló bèèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Òógùn ti rin táì rẹ̀. "Ó tóbi," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Nígbà tí mo rí i pé ó tóbi, mo mọ̀ pé tiwa ni."

Ìwé gbogbo tí ọkùnrin yìí kà láyé, kò ka èyí tó wà lábẹ́ tíì rẹ̀.

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó yíjú sí i, kò sì gbàgbé ọ̀wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí, "ẹ bá wa gbé kẹ́tùlù yín kúrò lórí ẹ̀rọ wa."

Ó gbé e. Kí ni ì bá tún ṣe?

Wọ́n ṣí àpótí. Ẹ̀rọ ń dán nínú ọ̀rá bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ orí òkè fún un ní iná, ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ fún un ní omi, obìnrin ẹ̀yìn odò tò ó láìwo ìwé. Kí oòrùn tó yẹ̀, òkúta àkọ́kọ́ ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Alága kò pe ìpàdé mìíràn. Ó na ọwọ́ sí obìnrin náà, ó kí i ní olórí ibùdó, gbogbo yàrá sì pàtẹ́wọ́. A-ní-i-nílé kò lè pàtẹ́wọ́, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága ṣí ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀. Ó fa ìlà gbọọrọ lórí "ẹ̀rọ ìtànṣán kan, ó ń ṣiṣẹ́", ó sì gbé e lọ sí abẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn odò. Àyè yunifásítì tó tóbi jù nílẹ̀ náà wá ṣófo. Ó gbé ojú sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kálukú gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá. Kí la máa kọ fún yín?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rí nǹkan kan tó wà nílé. Alága wo ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Kẹ́tùlù kan," ni ó ń kà jáde. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Akọ̀wé ló dáhùn, nítorí òun ló ń lò ó.

"Ó ń jò, sà."