Ọjọ́ Tí Mágùn Mú Ajá Ọ̀gá Mi

Títí wọn yóò fi sin mí, Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò wa l'Ádò-Èkìtì mọ̀ pé orí mi ṣófo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mo fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Orí kan wà nínú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, tó sọ bí ẹranko ṣe ń gun ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń bímọ. N kò kọ́ ọ rí. Èmi tí mò ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, n ó wá dúró níwájú àwọn ọmọge máa dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ? Bí mo bá ti débẹ̀, màá ní, "Ẹ lọ ka ìyẹn nílé." Èmi gan-an ò kà á. Ìwà mímọ́ ni mo pè é nígbà náà. Ìwà òmùgọ̀ ni.

Ní sáà yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé wa, màmá kan tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń ta bí ata, fẹ́ yan igbákejì. Mo fẹ́ ipò náà bí ojú. Ọ̀gá ní akọ ajá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jẹ́nẹ́rà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ lọ. Èmi ní abo tèmi, Lúsì. Nígbà tí Lúsì ń wá akọ, mo lọ tọrọ Jẹ́nẹ́rà, mo sì ṣèlérí pé ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọmọ.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ẹ̀yin náà, mà! Olùkọ́ bàọ́lọ́jì!" Mo lu àyà.

"Bó ṣe lọ ni kó ṣe bọ̀ o. N ó wá mú un ní aago mẹ́rin."

Mo fi ọkọ̀ mi gbé Jẹ́nẹ́rà láti ilé ọ̀gá ní Ìyìn wá sílé mi. Kò pẹ́ tó dé tó fi gun Lúsì, inú mi sì ń dùn. Àfi bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, tó yí padà, tí àwọn méjèèjì kọ ìdí síra wọn, tí wọn ò lè já mọ́. Lúsì ń lọ síwájú, ó ń wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ìyá aládùúrà tó háyà ilé lẹ́yìn wa ló yọjú láti orí fẹ́ǹsì.

"Ye! Mágùn rè é o! Uṣẹ́ ọmọ aráyé ti wọ ulé yìí o!"

Mágùn, oògùn tí ọkọ òjòwú ń fi sára ìyàwó rẹ̀! Ǹjẹ́ kí èmi alákọ̀wé bi ara mi pé ọkọ wo ni Lúsì ní? Rárá. Mo ti ń wo Jẹ́nẹ́rà bí òkú, ipò igbákejì sì ń bá a lọ sí sàréè. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù lé wọn lórí. Wọ́n ké, wọn ò já. Mo fà wọ́n. Jẹ́nẹ́rà yíjú, ó ki eyín bọ ìdí ṣòkòtò mi, ó fà á ya dé itan.

Ìyá ti wọ sùtánà dé, agogo lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́kadà páàkì, wọ́n ń wòran. Ìyá ní kí n kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹ gbà mí, mo jẹ́wọ́! Mo jẹ́wọ́ ẹran tí mo jí nínú ìkòkò ìyá mi ní Ìjan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìdí níta, ni ọ̀gá bá mi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mágùn ni, mà. À ń gbàdúrà."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìdí àwọn ajá. "Ara akọ ló wú sínú abo, kò tíì rọ̀. Bí ajá ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ọ̀gá jókòó, wọ́n ń mu píọ̀ wọ́tà. Wọn ò tíì mu ún tán tí àwọn ajá fi já fúnra wọn. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀, kò sí èyí tó wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá kọjú sí àwọn òǹwòran. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bàọ́lọ́jì?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo fọwọ́ bo ìdí, mo sá wọlé.

Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n fi ṣe igbákejì. Láti ìgbà náà, mo ń kọ́ orí ìwé yẹn láìfo ìlà kan. Ohun tí ojú ń tì mí láti kọ́ ló kó ìtìjú bá mi. Lẹ́yìn oṣù méjì, Lúsì bí ọmọ mẹ́fà. Ọ̀gá mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mágùn. Wọ́n máa ń mú un wá sílé-ìwé. Bí wọ́n bá ti pe, "Mágùn! Máa bọ̀!", èmi ni gbogbo olùkọ́ máa ń wò. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ajá náà máa ń sáré wá?