Pa Bàbá, Fi Ìyá Sílẹ̀

Fọláhàn ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Powis Street, ní Woolwich. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe tí òun ò mọ̀, ó sì ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Auntie Àrínọlá sáré wọlé láti Connaught Estate, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, fóònù lọ́wọ́.

"Fọláhàn, bá mi pa bàbá kan."

Ọwọ́ Fọláhàn dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. "Auntie, ìwé là ń tẹ̀ níbí o."

"Inú ìwé náà ló wà. Mojọlá ọmọ mi fẹ́ fẹ́ ọmọ Thailand, o ṣáà mọ̀. Àwọn òbí ọkọ ló yẹ kó dé lónìí. Ọmọkùnrin náà ti fi èdè wọn kọ ìkíni ránṣẹ́ sí mi: ẹ káàbọ̀, bàbá àti ìyá. Ẹsẹ̀ wá ń dun bàbá, kò lè wá mọ́. Ìyá nìkan ló wá. Ọmọ rẹ̀ ti lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Heathrow, wọ́n ti wà nínú rélùwéè. Mo fẹ́ gbé káàdì ńlá dúró dè wọ́n ní stéṣọ̀n. Pa bàbá rẹ́, fi ìyá sílẹ̀."

"Ẹ bá ti sọ pé 'pa rẹ́' látìbẹ̀rẹ̀."

"Mò ń kánjú ni. 'Rẹ́' ṣì wà lẹ́nu mi."

Fọláhàn gbé ọ̀rọ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn lẹ́tà náà so mọ́ra gbọọrọ, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn, àwọn àmì wẹẹrẹ sì jókòó sórí àwọn kan. Kò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ó fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tó mọ̀ wọ́n láti kékeré.

"Ibo ni bàbá wà níbẹ̀?"

"Apá ọ̀tún, Auntie. Láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ Thai, bíi Lárúbáwá."

"O gbọ́ Thai?"

"Mo máa ń jẹ oúnjẹ wọn."

Ó tẹ backspace lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà tó wà ní ìparí ò kúrò. Àmì kékeré orí rẹ̀ nìkan ló lọ.

"Kí ló lọ yẹn?"

"Fìlà ẹ̀ ni. Ara ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Fìlà? Bàbá nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìyá ni, gèlè ni ì bá wé."

"Ohun témi náà rò nìyẹn," Fọláhàn ní. Kò rò ó rárá, ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́. Ó tún un tẹ̀, lẹ́tà náà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ó tán, Auntie. Bàbá ti lọ."

"Má sọ ọ́ báyẹn. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Fóònù ọmọkùnrin náà ò wọlé nínú rélùwéè lábẹ́ ilẹ̀, ni Auntie bá ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí Mojọlá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ń kọ́ ní Thai. Èsì dé kíá. Auntie kà á, ó rọra sọ fóònù kalẹ̀.

"Kí ló ní?"

"Ó ní bàbá ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìyá ọkọ òun lo pa."

Fọláhàn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Fìlà yẹn ló tàn wá jẹ."

"Ìwọ lo ní o gbọ́ Thai."

"Mo ní mo máa ń jẹ oúnjẹ wọn ni."

"Ó ní láti òsì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, bíi tiwa. Kì í sì í ṣe fìlà, àmì ohùn ni, bíi tiwa náà. Bàbá ní àmì, ìyá náà ní. Ó ti fi pupa yí bàbá ká fún ẹ. Yára, rélùwéè wọn á ti kọjá stéṣọ̀n Whitechapel báyìí."

Fọláhàn sún mọ́ kíbọ́ọ̀dù. Ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé wá lódindi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ìlà tó ń ṣẹ́jú síwájú bàbá, ó tẹ delete. Lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀ pa rẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún un tẹ̀, ìyókù bàbá lọ. Ìyá wà níbẹ̀ láìfarapa.

"Ẹ wò ó, Auntie. Backspace, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa á. Àmì ló kọ́kọ́ ń mú kó tó kan lẹ́tà. Delete ní tiẹ̀, tòun tàmì ló ń gbé e."

"Ìgbà wo lo mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Báyìí báyìí."

"Gbogbo ọdún tí o ti ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà?"

"Èdè tí ò lámì ni mo fi ń jẹun, Auntie."

Mojọlá ránṣẹ́ pé ó ti dára. Auntie mí kanlẹ̀. "Kọ Yorùbá sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ káàbọ̀, ìyá ọkọ. Kó mọ̀ pé àwa náà lédè."

"Èyí ò kan Mojọlá. Tèmi ni, gbogbo àmì ni màá fi sí i."

Ó kọ ọ́ wàràwàrà, ó to àmì lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Auntie já a gbà, ó ti dójú títì kí yíǹkì tó gbẹ.

Fọláhàn ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Ó ti dé, Fọláhàn. Ó rí káàdì náà, ó dúró sójú kan, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà ni ẹ̀rù fi ń bà á pé kò sẹ́ni tó máa sọ èdè òun sí òun níbí. Ó dì mọ́ mi, kò tètè fi mí sílẹ̀."

Ara Fọláhàn fúyẹ́. "Mo sọ fún yín pé mo mọ kọ̀ǹpútà."

"Ó wá nawọ́ sí ìlà Yorùbá, ó ní kí n kà á, kí n sọ ohun tó túmọ̀ sí."

"Ẹ kà á?"

"Mo kà á bí o ṣe fi àmì sí i. 'Ẹ káàbọ̀, ìyà ọkọ.'"

Fọláhàn gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ti kí ìjìyà ilé ọkọ káàbọ̀ sí Woolwich. "Ẹ jọ̀ọ́, Auntie. Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ìlà òkè ló ń kí i. Ti ìsàlẹ̀, èmi ni wọ́n ń kí."