Jáàkì Tí Bámitálẹ́ Ná Tán

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó bá ná ọjà títí tó fi ná ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, òun náà ni yóò ṣe ẹsẹ̀ fún un? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọkùnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀ Abà tó ń jẹ́ Bámitálẹ́. Ó ní ilé, ó ní oko kòkó, ó sì ní jíìpù àlòkù kan tó ga gogoro, irú èyí tó máa ń la ẹrẹ̀ kọjá níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń ké gbàjarè. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tó bá ti ń nájà, kò mọ ibi tí wọ́n ń dúró sí. Ó bá télọ̀ dúnàádúrà lórí aṣọ ìyàwó rẹ̀ títí télọ̀ fi rán bùbá náà ní apá kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí Ìbídùn wọ bùbá alápá kan yẹn, tó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ọjọ́ yẹn ló palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó di ilé ìyá rẹ̀.

Ilé wá ṣófo mọ́ Bámitálẹ́ lójú. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ dénú. Ìbídùn nìkan ni ohun tó fẹ́ láyé yìí láì dúnàádúrà. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, pàbó ló já sí. Ìgbà tó yá, ìyá ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

"Bámitálẹ́, wọ́n fẹ́ fi mí joyè Ìyá Ìjọ ní Òkè Àgbàrá ní Sátidé. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, jíìpù rẹ nìkan ló lè débẹ̀. Tó o bá gbé èmi àti àga oyè mi dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹrẹ̀ kò ta sí mi láṣọ, ìyàwó rẹ á bá ọ lọ sílé. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má tún wá kan ilẹ̀kùn mi mọ́."

Bámitálẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó délé, ó yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé táyà ìpààrọ̀ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí jáàkì. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Múfú lọ, ẹni tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ àlòkù.

Ó kọ́kọ́ mú jáàkì kékeré kan tó rí roboto. Bàbá Múfú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn ò wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ kékeré orí ọ̀dà ló wà fún. Abẹ́ jíìpù yín ga jù ú lọ. Gíga yìí ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ wo ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó rì sínú ẹrẹ̀."

Iye tó pè é kò pọ̀, apá Bámitálẹ́ ká a dáadáa. Ṣùgbọ́n àrùn kò gbóògùn. Bámitálẹ́ gé owó náà sí ìdajì. Bàbá Múfú bẹ̀ ẹ́, ó tún gé e. Oníbàárà mìíràn wá, wọ́n rajà, wọ́n lọ, Bámitálẹ́ ṣì ń ná jáàkì. Nígbà tí ó rẹ Bàbá Múfú tẹnutẹnu, ó ní:

"Ó dáa, ẹ mówó wá. Àmọ́ owó yìí ò kan ẹsẹ̀ ẹ̀ o."

Ó fa ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ náà yọ, ó jù ú sínú àpótí rẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Bámitálẹ́ wí. "Jáàkì tó fẹ́ dúró sójú kan, kí ló fẹ́ fẹsẹ̀ ṣe? Ṣé ó fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

Ó gbé irin náà sí èjìká, ó ń súfèé lọ sílé.

Nígbà tó di Sátidé, Màmá, ìyá Ìbídùn, wọ léèsì funfun, ó jókòó síwájú jíìpù. Ìbídùn wà lẹ́yìn pẹ̀lú àga oyè ńlá tí ẹgbẹ́ obìnrin gbẹ́ fún ìyá rẹ̀, àti iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ta àlùfáà lọ́rẹ. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù lọ, táyà ẹ̀yìn bá bẹ́.

Bámitálẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọwọ́ rẹ̀. Jíìpù kò gòkè. Jáàkì ló ń sọ̀ kalẹ̀. Màmá, tó ti dúró sí ibi gbígbẹ lábẹ́ agbòòrùn, ń wò ó.

"Bámitálẹ́, ṣé ọkọ̀ lo fẹ́ gbé sókè ni, àbí omi kànga lò ń wá?"

Bámitálẹ́ jẹ́wọ́ fún un pé òun ná jáàkì náà títí Bàbá Múfú fi yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, pé òun rò pé ẹsẹ̀ ò wúlò. Ó fi òkúta sábẹ́ jáàkì, òkúta bá jáàkì wọlẹ̀. Ó kó iṣu àlùfáà sí i, iṣu di ẹ̀bẹ láì rí iná. Ibẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí òkè. Bámitálẹ́ wo Ìbídùn, ó wo àga.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ yá mi ní àga yín díẹ̀."

"Àga oyè mi?"

"Tí n kò bá lò ó, a ò ní débẹ̀, Màmá."

Màmá tẹ́tí sí agogo, ó mí kanlẹ̀. "Tí ohunkóhun bá ṣe àga yẹn…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sídìí fún un láti parí rẹ̀.

Bámitálẹ́ fi àga lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó gbé jáàkì lé e. Jíìpù gòkè! Ó yọ táyà, ó fi òmíràn sí i. Bó ṣe de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn báyìí, jáàkì yọ̀. Jíìpù já lulẹ̀ gbì! Ẹrẹ̀ fò sókè, ó dorí kọ ọ̀dọ̀ Màmá. Bámitálẹ́ sáré dábùú rẹ̀, ó fi àyà àti ojú gba gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó kan léèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fa àga yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí orin àkọ́kọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá ti jókòó sórí àga oyè kò gbọ́dọ̀ dìde títí wọn yóò fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn. Àwọn ọkùnrin sáré lọ wá búlọ́ọ̀kù láti fi ti àga náà.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà," ni Màmá wí. "Ẹni tó ní ẹsẹ̀ ò wúlò ló dúró síbẹ̀ un."

Bámitálẹ́ wo Ìbídùn. Ó kúnlẹ̀ tẹrẹ̀tẹrẹ̀, ó fi èjìká ti igun àga náà, Màmá sì fìdí lé e. Màmá kì í ṣe èèyàn fẹ́lẹ́ o! Àlùfáà wàásù, ó ní òun fẹ́ parí, ó tún ṣí orí mìíràn. Òógùn ń la ọ̀nà nínú ẹrẹ̀ ojú Bámitálẹ́. Ìbídùn kọ́kọ́ di ẹnu mú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀ gbùà, ẹ̀rín tí Bámitálẹ́ kò tíì gbọ́ látìgbà bùbá alápá kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ nu ojú fún un.

"Ẹ rọra gbé ìyá mi o," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tá a bá sọ̀ kalẹ̀, ilé wa là ń lọ."

Ìgbà yẹn ni àlùfáà, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, dá ìwàásù dúró.

"Ìyá Ìjọ, ẹ forí jì mí, ta ni ọkùnrin tó wà lábẹ́ yín?"

Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì fi ohùn tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn:

"Àna mi ni. Ẹni tó bá ná ọjà títí tó fi ná ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, òun náà ni yóò ṣe ẹsẹ̀ fún un!"