Ìgò Ọ́ìlì Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Hàwáwù

Ẹ-bá-mi-tì ni gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ń pe mọ́tò Lùkúmọ̀n. Èmi Mùsílíù télọ̀ ni mo sọ ọ́ lórúkọ, nítorí èmi ni mò ń tì í.

Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni Lùkúmọ̀n ti rà á. Mo rò pé ìtìjú mọ́tò yẹn ló lé òyìnbó náà lọ. Nọ́ńbà tó ń ka máìlì nínú rẹ̀ ti kà, kà, kà, títí ó fi kún, ló bá padà sórí òdo, ló tún bẹ̀rẹ̀. Lùkúmọ̀n á wá na ìka sí i:

"Mùsílíù, wò ó! Máìlì mẹ́rìnlélógún péré! Mọ́tò tuntun ni!"

Tuntun! Mọ́tò tó jẹ́ pé tó bá wọ gíà, ewúrẹ́ àdúgbò á sá wọlé.

Gbrrrr! Kẹ́kẹ́kẹ́! Kpòó!

Bó ṣe ń dún nìyẹn. Ti sítíárìn tún wá burú jù. Tẹ́ ẹ bá yí i sọ́tùn-ún, á kọ́kọ́ rò ó wò ná.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Kẹ́hìndé, mẹkáníìkì ará Ìjẹ̀bú tó wà ní Ìdúmàgbò, wọ abẹ́ mọ́tò náà lọ. Nígbà tó jáde, ńṣe ló ń mi orí.

"Lùkúmọ̀n, ìgbà wo lo bu ọ́ìlì sí gíà gbẹ̀yìn?"

"Bàbá, ṣebí mò ń bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ti ẹ́ńjìnnì lọ̀tọ̀! Ti gíà àti sítíárìn lọ̀tọ̀! Inú gíà yìí gbẹ táútáú, irin ń jẹ irin níbẹ̀. Tó o bá gbé e dé Èbúté Mẹ́ta báyìí, ẹsẹ̀ lo máa fi padà wálé."

Ó wọlé, ó gbé ìgò ọ́ìlì gíà kan jáde. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ki, bébà ni wọ́n fi dé e lẹ́nu.

"Dà á sí i láàárọ̀ Sọ́ńdè, kó o tó ṣíná sí mọ́tò. Èmi ò ní sí nílé, mò ń lọ sí Ìjẹ̀bú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ní Sọ́ńdè yẹn fún yín. Lùkúmọ̀n fẹ́ fẹ́ Àmúdàtù, ọmọ Ẹnu Ọ̀wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ṣùgbọ́n Ìyá Àmúdàtù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fẹ̀rín tú lójú. Orúnkún ń dùn ún, ó sì di ọdún mẹ́ta tó ti ń jókòó kírun. Tó bá ní kóun dìde, orúnkún náà á ké, kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ ó ṣe bí Ẹ-bá-mi-tì ló ń wọ gíà. Ìyá yìí ló pe Lùkúmọ̀n, ló ní:

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wàá fi mọ́tò tó o fi ń yan yẹn gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Èbúté Mẹ́ta. Tí ẹsẹ̀ mi bá fi lè kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ́nrẹ́n, má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Mi ò bímọ fún ẹni tó máa sọ ọ́ di olùti-mọ́tò."

Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dùn mí o!

Ni Lùkúmọ̀n bá gbé ìgò ọ́ìlì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án.

Ẹ gbà mí!

Ìyá rẹ̀, Ìyá Hàwáwù, àdín ló ń ṣe tà. Kò sí ọmọ tuntun kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí wọn ò fi àdín rẹ̀ pa lára. Àdín dúdú ni, inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, bébà ló fi ń dé e. Ibo ló sì ń kó àwọn ìgò náà sí?

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà!

Ní ọ̀sán Sátidé, Ìyá Hàwáwù gbọ́ pé orúnkún ń dun àna òun ọ̀la. Ó ní ó tì o, òun gbọ́dọ̀ fi àdín ránṣẹ́. Ó nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìgò mẹ́ta jáde, ó ń gbé wọn wò lójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí ṣàn jù. Èyí náà ṣàn. Ẹ̀hẹ̀n! Èyí ló ki! Èyí ni ti àna mi."

Ẹ máa ní ṣé kò gbóòórùn ni. Imú wo? Ogójì ọdún nídìí ìkòkò àdín! Imú yẹn ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó fi ìgò náà rán Hàwáwù, ẹ̀gbọ́n Lùkúmọ̀n, sí Ẹnu Ọ̀wá, ó ní kí wọ́n fi ra orúnkún náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Sọ́ńdè mọ́. Lùkúmọ̀n nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ ba ìgò, ó gbé e. Gbóló-gbóló-gbóló! Ó da ìdajì sí gíà, ó da ìyókù sí sítíárìn.

"Lùkúmọ̀n, òórùn kí lèyí? Mọ́tò yìí ń rùn bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ," ni mo wí.

"Ọ́ìlì òyìnbó ni. Kí ni télọ̀ mọ̀ nípa ọ́ìlì?"

Lóòótọ́, mọ́tò gbéra láìké. A dé Ẹnu Ọ̀wá, obìnrin méjì fi apá gbé Ìyá Àmúdàtù sórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbàà.

"Lùkúmọ̀n, bá mi kí ìyá rẹ gidi," ni ìyá náà wí. "Àdín yẹn lágbára! Àná ni mo ti ń fi para."

Mo fa imú. Nínú mọ́tò, òórùn ilé mẹkáníìkì. Mo yọrí síta, òórùn ọmọ tuntun. Mo ní ó parí, imú mi ti ya wèrè.

A kọjá Iga Ìdúngánrán, gíà ò ké. A kọjá Ìdúmọ̀tà, gíà ò ké. Lùkúmọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. A gun bíríìjì Kátà, oòrùn ń mú, gíà gbóná, àdín bá ṣàn bí omi, ó ń jò lábẹ́ mọ́tò tó, tó, tó.

Kráú!

Gbrrrr! Kẹ́kẹ́kẹ́! Kpòó!

A dúró sáàárín bíríìjì. Lùkúmọ̀n fi í sí gíà kìíní, ó kọ̀. Ó fi í sí ìkejì, ó kọ̀. Ìkẹta ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ó wá fi í sí gíà tí wọ́n fi ń rìn sẹ́yìn.

Kpà! Ó wọlé.

"Kí ló dé tá a dúró?" ni Ìyá Àmúdàtù bèèrè.

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Mọ́tò ń mí ni." Ló bá sún mọ́ etí mi. "Mùsílíù, bọ́ sílẹ̀, bá mi yí i. Kọ ìdí rẹ̀ sí Èbúté Mẹ́ta."

"Ẹ̀yìn la máa fi rìn débẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n gbé wọn débẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí mọ́tò máa kọjú sí."

Mo tì í, mo tì í, òógùn bò mí, a yí i. Ni Ẹ-bá-mi-tì bá ń fi ìdí lọ lórí bíríìjì. Lọ́rì ń fọn fèrè, pá-pá-pá! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń bẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́pàá kan na ọwọ́ sókè.

"Sítọ́ọ̀pù! Dírẹ́bà, níbo lò ń lọ?"

"Èbúté Mẹ́ta ni, sà."

"Èbúté Mẹ́ta wo? Èkó lojú ẹ ń wò!"

"Ojú mi nìkan ni, sà."

Ìyá Àmúdàtù yọrí jáde lẹ́yìn. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre! Ṣé ẹ ò rí i pé èmi ni mo wà níwájú ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí! Mo di ẹnu mú, ẹ̀rín gba imú jáde.

Ọlọ́pàá yọ ìwé. Bó ṣe fẹ́ máa kọ nọ́ńbà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ mọ́tò. Fùùùù! Gbogbo bíríìjì ń ta sánsán àdín. Ọlọ́pàá náà fa imú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló bímọ síbí?"

"Iná! Iná o! Yéè, mo gbé!"

Ìyá Àmúdàtù ni! Ilẹ̀kùn ṣí, gbàà! Obìnrin tí èèyàn méjì gbé wọlé bẹ́ sílẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ki eré mọ́lẹ̀. Tó bá ṣe pé ẹṣin ni, ǹ bá tà á lówó gọbọi. Lùkúmọ̀n gbá tẹ̀lé e, ó ń sunkún.

"Ìyá! Ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé! Ẹ jẹ́ kó jó yín díẹ̀!"

Òpin bíríìjì ni ìyá náà tó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀dà. Lùkúmọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti pàdánù Àmúdàtù nìyẹn.

"Ìyá, ẹ foríjì mí."

"Dákẹ́."

Ó kúnlẹ̀. Ó dìde. Ó tún kúnlẹ̀, ó tún dìde. A tẹ́tí, a ò gbọ́ kẹ́.

"Ọdún mẹ́ta!" Omi bọ́ lójú ìyá náà. "Ọdún mẹ́ta! Àdín ìyá rẹ! Lùkúmọ̀n, dìde, mo ti fọmọ fún ẹ. Àmọ́ ìgò kan lóṣù, nínú èyí tó ki yẹn gan-an, títí màá fi kú!"

Ìgbà tá a ti mọ́tò délé, tá a rí ohun tó ń jò lábẹ́ rẹ̀, ni Lùkúmọ̀n wò mí, tí mo wò ó. A sáré wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ-bá-mi-tì ò rìn mọ́ láti ọjọ́ yẹn, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tóṣù bá ti lé, a ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kẹ́hìndé. Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà wá sú u.

"Lùkúmọ̀n, mọ́tò rẹ ti kú. Kí ló ń mu ọ́ìlì gíà yìí?"

"Òmíràn ni, Bàbá."

"Èló ló ti rìn?"

"Ó lé ní ọgọ́ta."

"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún máìlì! Ó ti gbó. Ṣé ó ṣì ń ké tó bá fẹ́ gbéra?"

"Rárá o, Bàbá," ni Lùkúmọ̀n wí, "ó ti ń dìde kírun."