Orógùn Láàbù

Phuwadon ti Bangkok wá sí abúlé kan ní Roi Et nítorí Rassami tó fẹ́ fẹ́. Ìyá Bunlom, ìyá ọmọ, ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí ò lè se láàbù, ẹran gígé aláta tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ni ìyá àti Phuwadon bá jókòó sórí ẹní nílé ìdáná, pẹ̀lú abọ́ ẹran pẹ́pẹ́yẹ gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ìyá, ẹ fẹ̀yìn tì. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ti wò ó lórí fóònù."

"Fóònù náà yó?"

"Ẹ ṣáà máa pàṣẹ, mà."

"Ó dáa. Yan ìrẹsì yẹn, ká lè gún un."

Phuwadon dorí kodò. Ó ń ṣa ìrẹsì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá wò ó títí, ó rẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń yàn án, mà. Èyí tó kán, mo jù ú nù. Èyí tó dáa ni tiyín."

"Mo ní kó o yan án, lórí iná! Àbí bó o ṣe ṣa ọmọ mi láàárín àwọn yòókù nìyẹn?"

"Àwọn yòókù kẹ̀! Ohùn ẹ̀yin ará ìhín ló yàtọ̀, mà."

"Ohùn wa ò ṣe nǹkan kan. Etí Bangkok ló dí."

Ó yan án. Èéfín bo ilé.

"Ó ń jóná o!"

"Àwọ̀ wúrà ni wọ́n ń pe èyí, mà."

"Wúrà wo ló dúdú báyìí? Gún un, jàre. Gbé ẹran kaná. Orógùn dà?"

Ọwọ́ Phuwadon dúró lórí odó. Òógùn bò ó.

"Orogún bíi ti báwo, mà? Rassami nìkan ni mo ní! Ta ló wá sọ̀rọ̀ mi fún yín?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Irọ́ ni! Obìnrin inú fóònù yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ ilé ẹ̀!"

Ìyá Bunlom rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Igi tí wọ́n fi ń ro ẹran ni mo bèèrè. Obìnrin wo?"

"Ẹni… ẹni tó ń kọ́ wa ní láàbù, mà."

"Ìgbà mẹ́rìnlá lo wò ó?"

"Láàbù ni mo wò, mà!"

Ìyá ní, "Hùn!" Wọ́n ro ẹran títí ó fi jinná, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n da ìrẹsì gígún, omi ẹja oníyọ̀, àlùbọ́sà àti ewé lé e. Phuwadon bu ata gbígbẹ, ṣíbí kan péré.

"Ta lò ń ṣe ìyẹn fún? Aláìsàn?"

"Inú yín ni mo rò, mà. Ní tèmi, iná ni mo máa ń jẹ."

"Ó kúkú dáa." Ìyá gba abọ́ ata, ó dojú ẹ̀ dé sínú ẹran. "Jẹ iná."

Phuwadon bu ìrẹsì sísè tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ó fi kó láàbù, ó jẹ ẹ́. Etí ẹ̀ pọ́n. Omi ń dà lójú, ó ń dà nímú.

"Ó ta?"

"Rá… rárá, mà. Ó… ó tutù lẹ́nu."

"Kí ló dé tó o fi ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni, mà. Ẹ… ẹ bù kún un."

Ìyá Bunlom bojú wo ìta, ó lọgun:

"Rassami! Wá mú ọkọ ẹ o! Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá ẹ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ mi kí wọ́n sì parọ́ báyìí!"