Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Tí Alágbàfọ̀ Kò Fi Dẹ́ṣẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, kò sí ẹni tí kò ní àìlera tirẹ̀. Tèmi ni oorun àárín ìwàásù. Ti alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ni pé kò ní àìlera kankan rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kò sì sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́.

Bàtà ni èmi ń tún ṣe. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàrin ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì. Bí mo bá ń kan ìṣó sí gìgísẹ̀ bàtà, gbogbo háńgà rẹ̀ á máa jó. Bí òun bá ń fọ́nnu, etí mi á máa hó. Aláìlábàwọ́n là ń pè é. Òun ló fi orúkọ náà jẹ ara rẹ̀, àwa kàn ń bá a pè é kí àlàáfíà lè wà.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ wàásù pé kò sí ẹni tó lè fi agbára ara rẹ̀ ṣẹ́gun ẹ̀ṣẹ̀, pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni gbogbo wa ń jẹ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Àmín tèmi pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ kò ṣe àmín. Ńṣe ló fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n gba aga lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá pátákó dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: ỌJỌ́ TÍ MO TI WÀ LÁÌDẸ́ṢẸ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ “1” sí.

Mo ní, “Àbúrò, kí lèyí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oore-ọ̀fẹ́ dáa o, mi ò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le kì í jókòó de ẹni tó máa pọ̀n ọ́n.”

Mo ní, “Ìwọ nìkan ló máa dá rìn dọ́run?”

Ó ní, “Ẹ máa kà á.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Àwọn oníbàárà á dúró, wọ́n á ka pátákó, wọ́n á mi orí. Ìbéèrè mi kan ṣoṣo ni pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ wò ó, ó yé mi yékéyéké: gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló ń yí lórúkọ padà. Bó bá pariwo mọ́ oníbàárà, ìbínú òdodo nìyẹn. Bó bá jẹ ẹran tó wà nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó ń gbà á lọ́wọ́ ìdẹwò ni. Bí oníbàárà bá wá béèrè aṣọ tí kò tíì kúrò nínú àpò, á ní, “Ó ti wà nínú omi!”

Mo ní, “Àbúrò, irọ́ nìyẹn.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbàgbọ́ ni. À ń pe ohun tí kò tíì sí bí ẹni pé ó ti wà.”

Ẹ tún wá wò ó lọ́jọ́ Ìsinmi! Aṣọ tó bá wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ẹ ò ní rí i lọ́rùn rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo bi í léèrè. Ó ní aṣọ tó bá pẹ́ lórí háńgà máa ń hu, pé ńṣe lòun ń gbé e lọ gba atẹ́gùn fún olówó rẹ̀. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi ní alágbàfọ̀ ń dẹ́ṣẹ̀, ọṣẹ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rin, ó di wàhálà.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gán bọ́tìnnì fún un nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ní gáùn aláwọ̀ ewé kan. Ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an fún un kó tó kú, kò sì ní ohun mìíràn tí ìyá náà fi sílẹ̀. Ó gbé e fún ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun lọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí mo fi gbóòórùn èéfín. Ìgbà tí mo fi yọjú, ojú áyọ́ọ̀nù ti yà sí àárín ẹ̀yìn gáùn náà, ó mú ṣónṣó, ó dúdú, ó rí bí ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra.

Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn dì í mú, omi lé sí ojú rẹ̀. Ó ní, “Ta ló jó aṣọ ìyá mi?”

Ọkọ ní, “Áyọ́ọ̀nù ni.”

“Ta ló di áyọ́ọ̀nù mú?”

“Ọwọ́ ni.”

“Ọwọ́ ta ni?”

“Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá ni.”

Ìyàwó ní, “Ẹ wò ó, mi ò bínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ pé, ‘Má bínú, ẹ̀bi mi ni.’ Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo rí i tí alágbàfọ̀ la ẹnu. Mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ré kọjá èjìká ìyàwó, tó lọ bà sórí pátákó. Ẹ gba mí o! Bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ó ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Bó bá dẹ́ṣẹ̀, mẹ́tàléláàádọ́rin di òdo. Ó pa ẹnu dé, ó gbé ẹ̀rín kan wá, ó ní, “Ìyàwó mi àtàtà, ṣé o ò mọ̀ pé aṣọ tó jó, ẹwà ló bù sí i?”

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ló ń rán sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún Ẹni Mímọ́ pé oúnjẹ ẹ̀ ti wà lórí tábìlì.” Ọkọ á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi béèrè pé ṣé iyọ̀ wà níbẹ̀.” Ẹni méjì tí ìgbésẹ̀ méjì péré wà láàrin wọn! Mo ń tún bàtà ṣe, mo tún ń jẹ́ ońṣẹ́ láì gba owó ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, pátákó di mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ti gbàyè lọ́wọ́ pásítọ̀ pé lọ́jọ́ kejì, tó bá pé ọgọ́rùn-ún, òun fẹ́ jẹ́rìí. Tíṣà Àgbà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, yà síbẹ̀ ní ọ̀sán náà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rò pé eyín ló ń dùn ún. Ó béèrè súùtù funfun rẹ̀, èyí tó gbé wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Alágbàfọ̀ ní, “Ó ti wà nínú omi, sà!”

Bí bàbá náà ti lọ ni ìyàwó wọ ọ̀dọ̀ mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti di ẹrù mi. Tó bá gorí pẹpẹ lọ́la láìbẹ̀ mí, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, mi ò sì ní padà. Ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, kò yẹ kó máa bá ẹlẹ́ṣẹ̀ gbé.”

Kò sídìí tí mo fi ní láti jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ọkùnrin náà ti gbọ́. Mo yọjú wò ó. Gáùn jíjó yẹn ló gbé lé orí itan, ó ń fi ọwọ́ pa á, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ẹ má ṣe àṣìṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo ní, “Àbúrò, dìde, lọ bẹ obìnrin yìí.”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ku ọjọ́ kan péré! Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí tán. Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀ ẹ́.”

Ẹ gbọ́ o. Ó ti bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dá ọjọ́ tó máa wá gbà á, bí ẹni dá ọjọ́ fún oníbàárà.

Ilẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ìyàwó jókòó sẹ́yìn pátápátá, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pe alágbàfọ̀, ó dìde. Àwòdamiẹnu! Súùtù funfun gbòò ló wọ̀. Apá rẹ̀ kúrú díẹ̀, ìbàdí rẹ̀ fún un díẹ̀, àmọ́ ó ń tàn yòò. Ó gba máíìkì.

“Ẹ̀yin ará, ẹ wò mí dáadáa!”

A wò ó. Àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò ó jù wá lọ, nítorí okùn pupa kan ń fì ní ọrùn kóòtù náà, irú èyí tí alágbàfọ̀ fi máa ń ṣe àmì sí aṣọ oníbàárà, pẹ̀lú bébà kékeré tí wọ́n kọ “16” sí. Olórí akọrin fi ìka kàn án léjìká. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà lọ́rùn yín.”

Ó ní, “Ògo ni!”

Àwọn akọrin fi ìwé orin bojú. Alágbàfọ̀ kò wo ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ọgọ́rùn-ún ọjọ́! Ta ló rí àbàwọ́n kan lára mi?” Bó ti ń na ọwọ́ ni abíyá kóòtù náà ní fààà! Àtapá àtìhà, ó la. Ẹ̀rín bú. Òógùn bo alágbàfọ̀ lójú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó fa áńkáṣíìfù kan tí wọ́n ká róbóróbó jáde, ó fi nu iwájú orí.

Ohun kan bọ́ láti inú áńkáṣíìfù náà, ó já lé orí tábìlì pásítọ̀. Kó!

Eyín ni. Odindi eyín òkè, àtọwọ́dá, pẹ̀lú èrìgì aláwọ̀ pupa. Ó dojú kọ ìjọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Pásítọ̀ fò sẹ́yìn. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”

Láti ìlà kejì ni Tíṣà Àgbà ti dìde fùú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bàbá yìí ti ń wá eyín rẹ̀, omi ọbẹ̀ nìkan ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ó gbàgbé láti fi ọwọ́ bo ẹnu mọ́. “Eyín mi rèé o!” Ó gun orí pẹpẹ, ó gbé e, ó yí i padà wò, ó fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ló wá wo kóòtù. “Súùtù mi! Alágbàfọ̀, ṣé o ní ó ti wà nínú omi? Eyín gbẹ, áńkáṣíìfù gbẹ! Ṣé omi gbígbẹ lo fi ń fọ aṣọ ni?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti alágbàfọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, eyín ni òtítọ́ fi bá a.

Ó la ẹnu. Mo mọ̀ pé orúkọ mìíràn ló ń wá fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ìgbàgbọ́ kò gbà á, atẹ́gùn kò gbà á. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe kan ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ti dìde. Ó ti gbé báàgì. Ó ti ń lọ, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó mi!” Máíìkì han gooro. “Èmi ni! Èmi ni mo jó gáùn màmá! Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ẹ̀, mo sáré lọ pa méjìléláàádọ́rin rẹ́ kí n lè kọ mẹ́tàléláàádọ́rin! Ẹ̀bi mi ni. Má bínú. Jọ̀ọ́, má lọ.”

Alágbàfọ̀ ti ṣí, kò ṣeé pa dé mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi láti inú ẹ̀rọ tó já. “Èmi ni mo jẹ ẹran ẹ! Mi ò fọ súùtù Tíṣà! Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti akápò ìjọ ni! Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú, ti pásítọ̀ ni!”

Pásítọ̀ ní, “Tèmi kẹ̀?”

“Gbogbo agbára mi ò ká ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ọgọ́rùn-ún. Olúwa, ṣàánú mi!” Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀, omi bọ́ lójú tèmi náà.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ kejì tó jó. Ẹ ò kàn jẹ́ kí n ráyè sọ ọ́ fún yín ni. Ẹni tó ní òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, báwo lèèyàn ṣe máa dárí jì í?”

Pásítọ̀ pa Bíbélì rẹ̀ dé. Ó ní, “Ìwàásù tòní ti parí.” Tíṣà Àgbà ti ń bá tirẹ̀ lọ: ó ti fi omi ṣan eyín, ó ti gbé e sẹ́nu. Òun ló ṣe àmín tó le jù.

Ìjọ tú ká. Ìyàwó gbé báàgì fún ọkọ rẹ̀, ọkọ gbé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kún fún ọpẹ́. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, mo di ojú, mo sì gbàdúrà sókè kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́: “Olúwa, mo dúpẹ́ pé n kò rí bí alágbàfọ̀ yìí, tó ń gbé ohun olóhun wọ̀ wá sínú ilé rẹ. Àmín.”

Ìgbà tí mo lajú, tọkọtaya náà dúró tì mí. Ẹsẹ̀ mi ni ìyàwó ń wò.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàtà yìí, ṣé kì í ṣe ti ọkọ mi, èyí tó gbé fún yín tún ṣe, tí ẹ ní ẹ ò tíì fọwọ́ kàn?”

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ó ń dán, kí n má purọ́. Alágbàfọ̀ náà wò ó, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó pọ́n àti abíyá rẹ̀ tó ya. Kò bínú rárá. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bọ́ ọ. Ẹ máa wọ̀ ọ́ délé. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ jẹ̀bi, kó tán síbẹ̀.”

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ń wò mí. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tún là á.

Mo ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni mò ń dán wò.