Kẹ̀kẹ́ Kì Í Sanra

Bí ẹ bá rí ikùn kan tó ń bọ̀ lókèèrè, ẹ má tíì kí i. Ẹ dúró díẹ̀, ẹni tó ni ín ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀gá Ọ̀nà nìyẹn, aṣáájú tí ikùn ń ṣáájú, akọ́nà-má-fẹsẹ̀-tẹ̀-ẹ́. Bó bá ń lọ sípàdé, ikùn á ti jókòó kí òun tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ilẹ̀kùn.

Òun ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ nígbà tí ìlú fẹ́ tún títì ńlá ṣe, kí wọ́n sì la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ológeere sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ògiri kọ́ńkéré tó ga dé orúnkún láàárín, kí mọ́tò má baà máa gbá àwọn oníkẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ Ọ̀gá Ọ̀nà ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ orí títì ló sú u. Ló bá fi ìbú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ rí àwòrán iṣẹ́ náà lórí tábìlì.

"Bàbá wa, kí ló dé tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó báyìí?"

"Kí ẹni méjì lè jọ máa lọ, kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í dá wa lóhùn nílé, ẹ wá ń ro ti ìtàkúrọ̀sọ oníkẹ̀kẹ́."

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ti fún: iwájú ilé Ọ̀gá Ọ̀nà. Ọgbà rẹ̀ ti yọ sójú títì tipẹ́, pẹ̀lú òpó méjì tí ère kìnnìún jókòó lé. Òun ló ń pè wọ́n ní kìnnìún o. Àwọn aládùúgbò ní ajá tí ara rẹ̀ ò yá ni. Ó yẹ kí wọ́n wó ọgbà náà. Ọ̀gá Ọ̀nà ní kí ọ̀nà yẹ̀ fún un.

Níbi ìpàdé àdúgbò, Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó máa ń so agbọ̀n méjì mọ́ kẹ̀kẹ́, dìde.

"Ọ̀gá, iwájú ọgbà yín ti fún jù. Agbọ̀n mi á máa ha á."

"Màmá, kẹ̀kẹ́ kì í sanra. Ẹni tí kò bá rí àyè kọjá, kó fa ikùn wọlé. Bí erin bá ń kọjá, ṣé koríko máa ń bi í ní ìwé àṣẹ ni?"

Òwe náà ò yé ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Òwe tí kò yéni ló máa ń gba àtẹ́wọ́ jù.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó jí ní kùtùkùtù, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ dán ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wò. Níwájú ọgbà, ọkọ̀ náà kọjá bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Inú rẹ̀ dùn.

Kò pẹ́ tí Alága ìlú fi kéde pé òun ń bọ̀ wá ṣí ọ̀nà, àti pé ibẹ̀ lòun ti máa dárúkọ ẹni tí yóò máa ṣàkóso gbogbo ọ̀nà ìlú. Oorun dá lójú Ọ̀gá Ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù síwájú ọgbà òun díẹ̀, kí àwọn kìnnìún lè hàn nínú fọ́tò. Ó tún ra ọkọ̀ tuntun, nítorí ẹni tó fẹ́ gba gbogbo ọ̀nà ò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ àná dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ọ̀nà gan-an ló lọ gbà á. Ìyàwó rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e lọ, ó yí ọkọ̀ náà ká.

"Bàbá wa, eléyìí sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o."

"Ọlá ló sanra. Wọlé, ká máa lọ."

"Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣí. Kẹ̀kẹ́ ni màá gùn."

Títì dí pa. Ọ̀gá Ọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó yà sọ́nà kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ bí epo, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sá gun ògiri fún un. Ó rí rìbọ́ọ̀nù, ó rí èrò, ó na ọwọ́ sókè bí ọba, ó tẹ iná mọ́tò.

Gbààà! Ọgbà gbá ẹ̀gbẹ́ kan mú, kọ́ńkéré gbá ìkejì mú. Ó wa iwájú, kò lọ. Ó wa ẹ̀yìn, kò bọ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Aago kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ yà fún wa," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, "búrẹ́dì ń tutù."

Alága ìlú rìn wá, tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. "Ta ló ni ọgbà tó yọ síta báyìí?"

"Ẹ̀ẹ̀n... ọgbà àtijọ́ kan ni, sà," ni Ọ̀gá Ọ̀nà dáhùn látinú ọkọ̀. "A ṣì ń wádìí ẹni tó ni ín."

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. "Ilé wa ni, sà. Mo gbá iwájú rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà kan la fi lé e lọ́wọ́, ó fara rẹ̀ dí i. Ká wá kó gbogbo ọ̀nà ìlú fún un?" Ó ti sísọ́ọ̀sì bọ àpò. "Ẹ fà á jáde, kí ẹ wó ọgbà yẹn."

Fèrèsé apá títì nìkan ló ṣí. Orí jáde. Èjìká jáde. Ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn awakọ̀ orí títì pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò wọn kí wọ́n lè wòran dáadáa.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ọ̀gá, ẹ fa ikùn wọlé."

Ó fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọjọ́ yẹn nìkan láyé rẹ̀ ni òun ṣáájú, tí ikùn gbẹ́yìn.